Ọkọ Kú, Ọkọ̀ Kù

Ẹnu kan ń bẹ tí kò léyín, tí kò láhọ́n, síbẹ̀ tí kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹnu ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni. Ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́ èyí tó sọ, nítorí etí mẹ́ta ló gbọ́ ọ. Ohùn kan náà ni wọ́n gbọ́, gbólóhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbé lọ sílé.

Obìnrin kan ló ń ránṣọ. Yàrá tó ti ń rán an wà níwájú ilé, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá tí mọ́tò ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí. Ọkọ náà wa bọ́ọ̀sì iléèwé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Fínnífínní ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ojú rẹ̀ bà lé tí kò ní wò fínnífínní. Bí eèrà bá tò lọ lára ògiri, á dúró. Bí òjò bá ń ṣàn lójú gíláàsì, á dúró. Kò sì mọ nǹkan dá wò, àfi kó pe ẹlòmíràn sí i.

Aránṣọ á ní, "Bàbá, ṣé nítorí eèrà lẹ ṣe pè mí kúrò nídìí iṣẹ́?"

Á ní, "Eèrà tó gbé ìyẹ́ labalábá ni. Ṣé o ò rí i pé ó ti daṣọ bora ni? Oníbàárà rẹ ni."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lo ìgbéyàwó wọn nìyẹn, ẹnìkan ń pè, ẹnìkan ń ráhùn, àwọn méjèèjì sì ń gbádùn ara wọn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Mọ́tò ti dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbó, àwọn irin kékeré tó ń tanná fún ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tuntun dé, Bàbá Fínnífínní sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó forí wọnú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán apá aṣọ kan. Ìgbà náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ yà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò ọkọ yìí. Búrẹ́dì ló ń gbé kiri fún àwọn tó ń tà á. Láti ọjọ́ tí aránṣọ ti wọ ilé wọn ló ti sọ ọ́ ní Kíákíá, nítorí kì í jókòó jẹun, kì í dúró kí ènìyàn, kì í sì í pa mọ́tò búrẹ́dì rẹ̀ níbi tó bá ti yà. Ó ní kí òun tó pa á kí òun tó tún tan án, búrẹ́dì á ti le. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń kùn bí inú ẹni tébi ń pa, ó sì gbórí yọ lójú fèrèsé.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n ta mọ́tò yìí fún mi. Ọkọ̀ tí kì í jáde! Ó kàn jókòó sílé bí ẹni tó ń retí àlejò."

Aránṣọ kò gbójú sókè. "Kíákíá mi, ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín. Èmi kọ́ ni mo rán ẹnu yín pọ̀."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ohùn ọkọ rẹ̀ wá láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ aránṣọ wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń pariwo. Mọ́tò búrẹ́dì ń kùn lẹ́nu géètì. Ògiri sì wà láàárín. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ní odindi. Ohùn rẹ̀ nìkan ló dé, ó lọ sókè, ó wálẹ̀, ó tún lọ sókè. Mẹ́ta péré.

*Má tà á.*

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó kígbe padà pé, "Mi ò tà á o! Ẹ fọkàn balẹ̀!"

Ojú Kíákíá yí padà lójú fèrèsé. Ó ní ó dàárọ̀, ó ní búrẹ́dì ń tutù, ó sì lọ. Aránṣọ wo apá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó parí. Ó ní kí òun parí ẹ̀ ná. Nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún nà síwájú. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà ní ọkàn ló dúró, ó ní bí iná àtùpà tó kú lójijì ni.

Báyìí ni aránṣọ ṣe di opó. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé, *má tà á* ni." Wọ́n á mi orí. Obìnrin kan ládùúgbò ló sọ ọ́ di òwe mọ́ ọn lọ́wọ́: "Ọkọ kú, ọkọ̀ kù. Tọ́jú èyí tó kù." Lẹ́yìn ìsìnkú, Kíákíá ló ṣa àwọn irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó ki wáyà kan tó ń fì dirodiro bọ ibi tó rò pé ó yẹ, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàà. Ó ní, "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti parí." Kò sì mẹ́nu ba rírà mọ́.

Gbogbo Sátidé ni aránṣọ ń jókòó sínú mọ́tò náà, á tan án, á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí bátìrì má baà kú, á sì pa á. Kò lọ síbì kankan. Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Nínú oṣù kẹfà, bó ti yí kọ́kọ́rọ́, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú irin.

Kín-kìn-kín.

Ó mú ẹsẹ̀ kúrò, ó gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún gbọ́ ọ. Ó lọ sókè, ó wálẹ̀, ó tún lọ sókè. Ara rẹ̀ bù máṣọ láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Kì í ṣe pé ó jọ ohùn ọkọ rẹ̀. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, bí ó ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri lọ́jọ́ yẹn, tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lára rẹ̀ tó ku egungun.

*Má tà á. Má tà á. Má tà á.*

Ó ní, "Mi ò tà á, Bàbá. Ta ló ní mo tà á?" Kò dákẹ́. Ìgbà tó pa ẹ́ńjìnnì ló dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti di ilé ẹlẹ́ni méjì. Omi tó ń kán látẹnu ẹ̀rọ omi, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń kán. Bó bá fi ṣíbí ro tíì nínú kọ́ọ̀bù, ṣíbí á sọ ọ́. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́ ọ̀sán, abẹ́rẹ́ ń lọ, ń bọ̀, àfi bó ṣe dá ẹ̀rọ dúró lójijì tó na etí sí fèrèsé. Mọ́tò wà níbẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn, iná iwájú méjèèjì ń wò ó. Ó fa aṣọ bo fèrèsé. Obìnrin tó fẹ́ràn orin ni, kò sì lè ṣe kó má kọrin. Ṣùgbọ́n orin tó ń wá sẹ́nu rẹ̀ ti di ẹyọ kan ṣoṣo:

Ọkọ kú o, ọkọ̀ kù,
Kín-kìn-kín.
Ọkọ sùn, kò padà jí,
Kín-kìn-kín.
Ọkọ̀ sùn, èmi ló ń jí i,
Kín-kìn-kín.
Ta ló ń kanlẹ̀kùn nínú irin?
Kín-kìn-kín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà ń gbé ní ìlú tó jìn, lókè ilé alájà mẹ́rin tí kò ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nígbà tí ọdún ikú bàbá rẹ̀ ń sún mọ́, ó ti lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù kẹjọ. Dókítà ní kó máa dùbúlẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí omi, ó di oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ojoojúmọ́ ló ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, mò ń bọ̀ lẹ wí."

"Ta ni yóò máa jí mọ́tò bàbá rẹ ní Sátidé? Bí mo bá kúrò, á kú. Bí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn, títà náà nìyẹn. Bàbá rẹ tún sọ ọ́ lánàá."

Ohùn ọmọ rọ̀ jọwọlọ. "Màámi, mi ò ní kí ẹ má ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, òkú lẹ fẹ́ dúró tì ni àbí alààyè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ aránṣọ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ìka. Bó bá lọ, ó da ọkọ tó ti kú. Bó bá dúró, ó da ọmọ tó wà láàyè. Ohùn inú irin sì ti ń le sí i, mọ́tò ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ńkọ́? Ó gbé fóònù, ó pe Sípánà.

Sípánà jẹ́ obìnrin tó tó ẹni ogójì ọdún, ilé iṣẹ́ mọ́tò títúnṣe rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ibẹ̀. Kódà bó bá wọ aṣọ òde, sípánà á máa yọjú lápò ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì Bàbá Fínnífínní ló ń gbé e lọ sí iléèwé, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló sì máa ń jókòó sí. Ó dé láàárọ̀ Sátidé. Kò tíì gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀ tí mọ́tò búrẹ́dì fi dé ẹnu géètì. Ọmọ aránṣọ ti pe àbúrò bàbá rẹ̀ náà pé kó bá òun bẹ Màámi.

"Bàbá Oníbúrẹ́dì," Sípánà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa mọ́tò yín."

"Mi ò pẹ́. Mo kàn fẹ́..."

"Ẹ pa á. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́."

Kíákíá lọ pa á. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní àgbàlá náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé wọ́n gbọ́ ìró bàtà ẹni tó ń kọjá lójú títì.

Sípánà ní kí aránṣọ tan mọ́tò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó mú irin gígùn kan tó fi ń tú ìdè, ó fi ẹnu irin náà lé ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó sì dijú. Ó ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn bí dókítà tó ń wá ibi tí ọkàn aláìsàn wà. Kín-kìn-kín. Kín-kìn-kín. Aránṣọ bọ́ sílẹ̀, ó dúró tì í, ó kápá mọ́ àyà.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu Sípánà, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ìyá, Bàbá gan-an ló jọ! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? *Wá wò ó. Wá wò ó.*"

Aránṣọ yíjú sí i. "Kí lo pè é?"

"*Wá wò ó.* Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ológbò kan gbé ọmọ rẹ̀ há ẹnu, ó ń sọdá títì. Bàbá dá bọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú ogójì ọmọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, 'Wá wò ó.' Gbogbo wa ni àwọn tíṣà nà nítorí pé a pẹ́ dé iléèwé. Mi ò kábàámọ̀."

"*Má tà á* ló ń sọ," ni aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ìmí lọ.

Sípánà tún fi irin sétí. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. *Má tà á, wá wò ó*. Ohùn méjèèjì kò yàtọ̀. Irin kò ní ètè, Ìyá. Ẹni tó ń gbọ́ ló ń fún un ní ọ̀rọ̀."

Nǹkan ṣubú lẹ́yìn wọn. Kíákíá ni, ó ti jókòó mọ́lẹ̀ lórí páálí búrẹ́dì, páálí sì ti tẹ̀ wọlé. Ẹni tí kì í jókòó! Ó di orí mú.

"Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bínú sí yín nínú ikùn mi. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, tí mo wà lójú fèrèsé, tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀... *Kó gbà á* lèmi gbọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gba mọ́tò náà, ẹ̀yin lẹ wá ń kígbe pé ẹ ò tà á. Mo ní, obìnrin yìí kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ṣe mí lóore. Mo bínú lọ. Mi ò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ wọn níbi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí. Mi ò kí wọn pé ó dàárọ̀."

Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún olúkúlùkù bó ti mọ̀ ọ́n. Má tà á. Kó gbà á. Wá wò ó.

Aránṣọ na ọwọ́ sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa á.

"Ṣé ọ̀rọ̀ títà ló máa wá sẹ́nu rẹ̀? Ọkùnrin tó ń pe mí wo eèrà! Ó pè mí. Ó pè mí, mo sì kígbe òmùgọ̀ kan padà sí i, mo jókòó, mo ń rán apá aṣọ. Apá aṣọ! Bóyá ara ló ń ni ín. Bóyá ká ní mo dìde..."

Sípánà dì í léjìká mú. "Ìyá, ẹ fẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Ẹni tí ara ń ni kì í ní wá wò ó. *Gbà mí* ló máa ń ké. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Ó fa wáyà kan tu, ó ti ọwọ́ bọ ibi tí irin náà ti ń dún, ó sì fi ìka méjì péré yí nǹkan kan. Ó yí gbẹrẹgẹdẹ. "Púlọ́ọ̀gì kẹrin nìyí. Àwọn mẹ́ta tó kù le dáadáa, ẹ̀gbẹ́ wọn ní ojú sípánà. Èyí, ìka ni wọ́n fi dè é. Sípánà kò tíì kàn án rí. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, òun ló ń dún kín-kìn-kín. Ibi tí Bàbá bá iṣẹ́ dé nìyí. Wọ́n fìka dè é tán, ó ku kí wọ́n mú sípánà. Ṣùgbọ́n wáyà kò yẹ kó wà lórí rẹ̀. Ta ló ki wáyà bọ̀ ọ́?"

Kíákíá gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Èmi ni."

"Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Sípánà, orúkọ wo ni wọ́n ń pè mí?"

Bí ẹkún ti ń gbọ̀n aránṣọ tó, ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì dúró níbẹ̀ rí. Inú mọ́tò ló máa ń jókòó sí, tí á tan án, tí á pa á. Ó ní, "Kí ló fẹ́ kí n wò?"

Ó dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí. Ó tẹ̀ síwájú bí ọkọ rẹ̀ ti tẹ̀, ó gbé àyà lé irin, ó na ọwọ́ ọ̀tún bí ó ti bá tirẹ̀ ní nínà. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Ó wo ibi tí ọwọ́ náà kọjú sí. Ní igun kan nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí ewé gbígbẹ máa ń kó jọ sí, ohun àwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Ẹ̀kúnwọ́ àrán ni, àrán ọrùn aṣọ oníbàárà kan, èyí tó wá tì ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú. Eku ló fẹ̀sùn kàn. Ó ti fi ọjọ́ méjì bú eku ilé náà. Ẹnìkan ti ká àrán náà rọra, ó fi tẹ́ ìsàlẹ̀, ó sì yí etí rẹ̀ sókè kí nǹkan má baà yí bọ́. Lórí àrán náà ni ẹyin ọmọńlé méjì wà. Ká má pè é lẹ́yin mọ́, èèpo rẹ̀ ló kù: méjì, funfun, kéékèèké bí bọ́tìnnì aṣọ ìkókó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì là lẹ́nu.

"Wọ́n ti pa," ni Sípánà wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Aránṣọ kò gbé wọn. Ó kàn ń wò wọ́n. Ìròyìn kò tó àfojúbà: gbogbo òkú tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, ọkùnrin kan tó jí àrán ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún ẹyin ọmọńlé ni. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí ìyàwó òun wá bá òun wò ó, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín.

"Olè!" ló wí. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. "Olè àrán!"

Nígbà tó ṣe, Sípánà mú sípánà jáde. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró ná. Bí o bá dè é, dídè tí ìka Bàbá dè é ti parí nìyẹn. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Bí a ò bá dè é, Ìyá, lọ́jọ́ kan á fò jáde bí ọta ìbọn, á sì ba orí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kò ní sọ̀rọ̀ nígbà náà pẹ̀lú, ọkọ̀ kò sì ní rìn mọ́."

Aránṣọ ronú sí i. Ó na ọwọ́. "Gbé e fún mi."

Ó fi ìka méjì kan púlọ́ọ̀gì náà lákọ̀ọ́kọ́, níbi tí ìka tọ̀hún ti kàn án. Lẹ́yìn náà ló ki sípánà bọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ti fi àádọ́ta ọdún fa òwú le mọ ibi tó yẹ kí nǹkan le dé. Bó ti ń yí i, ó tẹ orí ba, ó sì sọ ọ́ sínú irin bí ẹni sọ ọ́ sétí ẹni tó ń sùn:

"Mo ti wò ó."

Sípánà ki wáyà padà. Kíákíá ló jókòó sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó sì ń lọ geere, ohùn kan ṣoṣo, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Kò sọ nǹkan kan. Aránṣọ fetí sí i títí, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó wà létí odò, tí ọkọ̀ ojú omi ti lọ tán.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Kó gbà á."

Kíákíá wo ẹ̀yìn. "Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Kíákíá mi. Ẹ gbà á. Kì í ṣe títà. Ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n àrán yìí kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, èèpo ẹyin kò sì gbọdọ̀ bọ́."

"Ìyàwó wa, báwo ni mo ṣe máa wa mọ́tò tí èèpo ẹyin wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀," ni aránṣọ wí.

Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, kò sí awakọ̀ tó ń rọra rìn ní gbogbo àdúgbò tó Kíákíá. Búrẹ́dì rẹ̀ ń le, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, aránṣọ di ẹrù. Ó gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin náà, ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlá kó tó bí. Ọkùnrin ni. Ó pariwo dáadáa. Orin sì padà sẹ́nu ìyá àgbà, oríṣiríṣi, èyí tó mọ̀ àti èyí tó ń pilẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kọ jù lọ nìyí:

Ọkọ kú o, ọkọ̀ lọ,
Wá wò ó.
Ẹyin pa, ọmọ ti jáde,
Wá wò ó.
Àrán mi ló fi tẹ́ ilé,
Wá wò ó.
Olè àrán, mo ti rí ọ,
Wá wò ó.

Ọmọ ìkókó náà pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, ìyá ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Aránṣọ wà ní pálọ̀, ó ń fọwọ́ rán ẹ̀wù kékeré kan. Apá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó parí. Ó gbọ́ ohùn náà.

Mẹ́ta péré. Ó lọ sókè, ó wálẹ̀, ó tún lọ sókè.

Kò ní kí òun parí apá ẹ̀wù. Kò ní "mò ń bọ̀." Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, ó dìde, ó sì ti wọ yàrá kí òwú tó yí kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ la ojú. "Màámi, kí ló dé tí ẹ ń sáré?"

"Ṣé o pè mí?"

"Ó tì o. Oorun ni mò ń sùn. Kò sẹ́ni tó pè yín."

Ọmọ ìkókó kò sùn ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ là rekete, ó dákẹ́, ó ń wo ògiri. Ọmọńlé kékeré méjì wà lára ògiri náà, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, wọ́n kọjú sí ara wọn. Aránṣọ rọra gbé ọmọ, ó gbé e sún mọ́ ògiri kó lè rí i dáadáa. Àwọn ọmọńlé kò sá.

"Mò ń wò ó," ló wí. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹni tó ń dá lóhùn.